Kí ni "winterize"? Mímúra ọkọ̀ ibùgbé sílẹ̀ de òtútù

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé sínú rẹ̀, tó ní bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. RV ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ ibùgbé ni n ó máa pè é níhìn-ín. Bí ìgbà òtútù bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu àwọn tó ni ín ni "winterize". Iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ló ń jẹ́ orúkọ kan yìí, ẹni tí kò bá sì mọ èyí tí òun ń ṣe lè pàdánù gbogbo páìpù ọkọ̀ rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ti ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ títí òtútù yóò fi kásẹ̀ ńlẹ̀. Gbogbo omi inú ọkọ̀ náà ni yóò dà nù, títí kan èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń gbé omi ìwẹ̀ kaná, èyí tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù kí a tó tú u. Lẹ́yìn náà ni yóò fa kẹ́míkà olómi aláwọ̀ píǹkì kan tí kì í tètè dì, èyí tí wọ́n fi propylene glycol ṣe, sínú àwọn páìpù. Kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò kì í ṣe àfirọ́pò rẹ̀ rárá, nítorí pé májèlé ni ethylene glycol tó sábà máa ń wà nínú ìyẹn.

Iṣẹ́ kejì ló le jù, òun náà ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí: kí ènìyàn máa gbé inú ọkọ̀ náà nínú òtútù, kí omi sì máa ṣàn. Ọyẹ́ ilé wa kì í mú kí omi dì nínú páìpù, ṣùgbọ́n ní àríwá ìpínlẹ̀ Minnesota, ó wọ́pọ̀ kí òru oṣù Jánúárì tutù dé dígírì 20 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí omi bá dì, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò omi kíkún sínú fíríísà rí mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe.

Abẹ́ ilẹ̀pẹpẹ ọkọ̀ ni táǹkì àti ọ̀pọ̀ páìpù máa ń wà. Nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún òtútù, ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń lo gáàsì máa ń fẹ́ díẹ̀ lára atẹ́gùn gbígbóná rẹ̀ gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá, kí omi má baà dì. Níbí ni àṣìṣe tó ń dùn mí jù ti ń wáyé. Nítorí pé iná mànàmáná sábà máa ń wà nínú owó tí a san fún ibùdó tí a gbé ọkọ̀ sí, tí gáàsì sì jẹ́ owó ọ̀tọ̀, ènìyàn á tan híítà oníná sí yàrá láti fi ṣọ́wó gáàsì ná. Yàrá á móoru dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń wọn ooru á rò pé ó ti tó, kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ amúlégbóná tàn. Abẹ́ ọkọ̀ á sì máa tutù sí i láìsí ẹni tó mọ̀, títí páìpù yóò fi bẹ́. Híítà oníná lè ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba ipò ẹ̀rọ náà.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń fi aṣọ ike tàbí pátákó fọ́ọ̀mù yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ká dé ilẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀. Rọ́bà tí omi ń gbà wọlé ńkọ́? Ẹ pọn omi kún táǹkì inú, kí ẹ sì yọ rọ́bà náà kúrò, àfi tí ó bá jẹ́ irú èyí tí iná ń mú gbóná. Ẹnu táǹkì ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ wà ní títì títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, nítorí pé omi tó bá ń ro tóótòòtó jáde yóò dì nínú rọ́bà, yóò sì dí i pa.

Propane ni gáàsì tó yẹ, torí pé kò dẹ́kun àtidi atẹ́gùn títí òtútù yóò fi dé nǹkan bí dígírì 42 lábẹ́ òdo. Butane kò tilẹ̀ kọjá òdo kó tó kọṣẹ́. A kò gbọdọ̀ ṣáájì bátìrì lithium pẹ̀lú bí òun fúnra rẹ̀ bá tutù ju òdo lọ, nítorí pé ó ń ba inú rẹ̀ jẹ́.

Èémí àwọn tó sùn àti ooru ìkòkò ọbẹ̀ yóò di omi lára fèrèsé, nítorí náà ẹ ṣí ihò òrùlé díẹ̀, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé à ń da ooru nù. Ẹ má ṣe fi sítóòfù yá iná. Gáàsì carbon monoxide tó lè ti ara rẹ̀ jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ìrì dídì lè dí ihò tí èéfín ẹ̀rọ amúlégbóná ń gbà jáde. Ẹ máa gbá a kúrò láràárọ̀, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì ìdánwò ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa gáàsì yìí kí ẹ tó sùn.