Ọ̀nà tí àtẹ oúnjẹ àárọ̀ àlejò gbà dé Àjàṣẹ́

Tí ẹ bá ṣí fóònù yín láàárọ̀ Sọ́ńdè, ẹ ò ní ṣàì rí ẹnì kan tó to búrẹ́dì, ẹyin, èso àti ṣíìsì sórí pátákó pẹrẹsẹ kan, tó ya fọ́tò ẹ̀ látòkè, tó ní oúnjẹ àárọ̀ tóun fẹ́ fi ṣe àwọn èèyàn òun lálejò nìyẹn, kí oníkálukú nawọ́ mú èyí tó bá wù ú. Ó dùn ún wò, mi ò bá a jà. Ohun tó ń dùn mí ni bí àwọn ọmọ wa ní Àjàṣẹ́ níbí, Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, ṣe gbà pé inú Instagram ni nǹkan yìí ti wá, pé kó tó dé a ò mọ bí wọ́n ṣe ń to oúnjẹ àárọ̀ jọ kí èèyàn rẹpẹtẹ jẹ ẹ́ pọ̀. A mọ̀ ọ́n dáadáa. Pátákó tàwọn yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn alápatà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Faransé ló ti ṣẹ̀, àwọn tó ń fi iyọ̀ sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń gé e pẹ́lẹ́bẹ́ tà láti nǹkan bí ọ̀rúndún karùndínlógún, charcuterie ni wọ́n ń pè é, ṣíìsì wá bá a níbẹ̀, lẹ́yìn 2010 ni fóònù gbé e kiri ayé, wọ́n wá yọ ẹran kúrò, wọ́n kó oúnjẹ àárọ̀ sí i. Tiwa gba ọ̀nà míì wá. Ọ̀nà yẹn gùn, ó sì la òkun kọjá, ó lọ, ó tún bọ̀.

Omi ló ṣáájú. Àlejò kì í fẹnu kan nǹkankan nílé wa kí wọ́n tó gbé omi fún un, onílé á kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹ̀ kó lè mọ̀ pé inú kan ni wọ́n fi gba òun, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó wá máa béèrè àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Torí náà tí mo bá rí àtẹ tí wọ́n tò tí omi ò sí níwájú ẹ̀, ojú mi ò gbà á, bó ti wù kó rẹwà tó.

Àkàrà ló tẹ̀ lé omi. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń dín in, Áfíríkà níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín, òun àti ọkà bàbà. Àwọn Yorùbá tó ti wà ní àdúgbò Accron kí Tẹ̀ Àgbánlìn, ọba tó dá ìjọba Àjàṣẹ́ sílẹ̀, tó ti Allada dé ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ewé ni àwo wọn, igbá ni ife wọn, ẹ ò sì lè rí tíréè kankan lọ́wọ́ wọn, àmọ́ igbá ńlá kan láàárín, gbogbo ọwọ́ yí i ká, ìyẹn gan-an ni ìpilẹ̀ ohun tí mò ń sọ. Kí ọkọ̀ òyìnbó Potogí tó máa gúnlẹ̀ sí etí òkun wa, atáare àti iyèré ló ń ta èèyàn lẹ́nu. Ata pupa tí a mọ̀ yìí ò tíì dé. Àgbàdo ò tíì dé, ẹ̀gẹ́ ò tíì dé, ẹ̀pà tiwa yìí ò tíì dé, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ò tíì dé. Gbogbo wọn pátá, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ọkọ̀ ti ń kó wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá wo ògì funfun tẹ́ ẹ̀ ń mu láàárọ̀, tẹ́ ẹ rò pé Olódùmarè fi lé Odùduwà lọ́wọ́ ni, òkun ló kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ohun tí ọkọ̀ yẹn ń kó padà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èèyàn ni. Orúkọ tí àwọn Potogí sọ ìlú wa ní nǹkan bí 1752, Porto-Novo, òwò ẹrú ni wọ́n tìtorí ẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n kó lọ ò lè mú igbá dání, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀wà, bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ pò ó títí á fi fúyẹ́. Ní Salvador ní Bahia, ilẹ̀ Brazil, àwọn obìnrin ẹrú àti àwọn tó ti ra ara wọn padà gbé àkàrà sórí àtẹ, wọ́n kiri ẹ̀ ní ìgboro, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in títí dòní, wọ́n máa ń là á láàárín fi edé àti ọbẹ̀ sí i, àwọn tó ń bọ Ọya níbẹ̀ sì mọ̀ pé oúnjẹ ẹ̀ ni. Ní 2005 ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin aláàkàrà Bahia yìí sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tójú ń tì láti gbé àkàrà síwájú àlejò tó ti Paris dé. Orílẹ̀-èdè kan jókòó, ó fi òǹtẹ̀ lù ú!

Ní oṣù January 1835, nínú oṣù Ramadan, àwọn Mùsùlùmí dìde ogun ní Salvador, Nàgó lọ́pọ̀ nínú wọn, ìyẹn àwa Yorùbá. Wọn ò borí. Ìjọba lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gba òmìnira kúrò níbẹ̀, àwọn míì fúnra wọn wá owó ọkọ̀, wọ́n sì ń padà wálé títí ìgbà tí Brazil fòpin sí ẹrú ní 1888, kódà lẹ́yìn ẹ̀. Èkó ni àwọn kan sọ̀ sí, Àgbádárìgì ni àwọn kan, Ouidah àti Agoué ni àwọn míì, àwọn kan sì wá bá wa ní Àjàṣẹ́. Àwọn la ń pè ní Àgùdà. Ẹ ti rí ilé wọn, ẹ ti rí mọ́ṣáláṣí ńlá ìtòsí ọjà tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia bí ìbejì, tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nínú ilé ìdáná, àwọn ló gbé fèjuàdà, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n sè pẹ̀lú ẹran, àti kosidú, ẹran tí wọ́n bọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́, wá, àwọn náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn sọ pé ó jẹ́ kí bí wọ́n ṣe ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n ń yan án ní gàrí tàn kálẹ̀ ní etí òkun wa. Wọ́n mú àṣà tábìlì náà wá, aṣọ tábìlì funfun, àwo tó jọra, síbí àti fọ́ọ̀kì. Tiwa tẹ́lẹ̀ ni igbá láàárín ilẹ̀, tiwọn ni tábìlì, àwọn méjèèjì sì fẹ́ra wọn ní ìlú yìí.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, torí ibẹ̀ ni àtẹ fúnra ẹ̀ ti di àtẹ. Ilé Mùsùlùmí ni, yálà Àgùdà ni wọ́n tàbí àwọn oníṣòwò Yorùbá tó ti ìhà Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin wá, àwo kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn ń jẹ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bísímílà, kí kálukú jẹ ti iwájú ẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwo tánganran lọ́pọ̀ yanturu, irin tí wọ́n fi nǹkan dídán bò, pẹrẹsẹ, òdòdó lára, kì í fọ́, ó ṣeé rù, nígbà tí èyí sì dé ọjà tiwa, kí ni ẹ rò pé àwọn ìyá wa máa ṣe? Wọ́n kó igbá tì. Tíréè tánganran di ohun tí ìyàwó ń kó bọ̀ nílé ọkọ, òun ni wọ́n fi ń gbé sàáráà lọ sílé aládùúgbò lọ́jọ́ Iléyá, tí aládùúgbò bá sì jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, Kérésì kò ní kọjá kí tíréè yẹn tó padà, kò sì ní padà lófìfo.

Àwọn Faransé ló kù. 1863 ni ọba Àjàṣẹ́ kọ́kọ́ fi ara ẹ̀ sábẹ́ ààbò wọn, ó dáwọ́ dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní 1883 lábẹ́ Ọba Tófà, ní 1900 ìlú wa di olú ìlú Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ Benin nígbà yẹn, àwọn akọ̀wé àti tíṣà pọ̀ yàà. Búrẹ́dì dé. Àlìkámà kì í hù ní ilẹ̀ wa, láti ìgbà yẹn di òní ọkọ̀ ló ń gbé e wá, àmọ́ bàgẹ́ẹ̀tì, búrẹ́dì gígùn tiwọn, wọ ara wa débi pé àárọ̀ Àjàṣẹ́ láìsí búrẹ́dì ò pé. Àwọn Gùn, ẹ̀yà tí a jọ ń gbé ìlú yìí, fi ìyẹ̀fun náà ṣe dókò, wọ́n ń dín in róbótó bí àkàrà. Ṣúgà onígun tí wọ́n ń tò sínú sọ́sà, 1843 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ ẹ̀ ní Moravia, ní ilẹ̀ Czech òde òní, Nescafé dé ọjà ní 1938, mílíìkì alágolo tó ki tó sì dùn bá wọn rìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í bàjẹ́ kíákíá nínú ooru, wọn ò nílò fìríìjì, ìdí tí wọ́n fi borí nìyẹn, torí wàrà tútù ò lè dúró di ọ̀sán lọ́dọ̀ wa.

Wàgàṣì, ìyẹn ṣíìsì tiwa, ò bá òkun wá ní tiẹ̀. Àwọn obìnrin Fúlàní òkè Borgou, ní àríwá Benin, ló ń ṣe é, oje bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú wàrà náà dì, wọ́n á fi èèpo ọkà bàbà rẹ ẹ́ pupa kó lè pẹ́. Ojú irin tó ti Kutonu gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ dé Parakou, tó parí kí 1940 tó pé, mú kí òkè àti etí òkun sún mọ́ra, àwa tí à ń gbé létí ọ̀sà wá ń jẹ ṣíìsì tiwa pẹ̀lú búrẹ́dì, ká dín in, ká fi ata gígún bù ú lẹ́nu. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ká lọ ra ti ilẹ̀ òkèèrè tó wọ́n bí ojú ká fi sórí pátákó, ẹ ní kó kọ́kọ́ dé ọjà Ouando.

Bí mo ṣe ń tò ó rèé, bí àwọn àgbà ilé wa ṣe kọ́ mi. Ohun tútù ló ń kọ́kọ́ dé orí tíréè: ọ̀pẹ̀ òyìnbó tiwa tó ń wà ní àwọ̀ ewé bó tilẹ̀ pọ́n, tó dùn láìkan, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà yíyan, kúlíkúlí, oyin nínú abọ́ kékeré. Kí wọ́n wà létí. Lẹ́yìn náà, ẹyin sísè, wàgàṣì díndín, edé ọ̀sà tí wọ́n yan tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti tòmátì bù. Ẹ gé búrẹ́dì nígbà tí àlejò ti ń wọlé, kì í ṣe àná, torí bàgẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé kalẹ̀ á gan. Ògì gbígbóná kì í gun tíréè, ìkòkò tó ní ìdérí ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ife. Àárín gbùngbùn ni ẹ fi sílẹ̀ fún àkàrà, kó ti inú epo jáde tààràtà, kí ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ lórí nǹkan tó ń fa òróró, ẹ má bò ó pa o, tí ẹ bá bò ó, ooru ara ẹ̀ á sọ ọ́ di rírọ̀ pátápátá. Tí àgbàlagbà bá wà láàárín àwọn àlejò, òun ni ẹ kọjú àárín yẹn sí, kó mú kí àwọn yòókù tó nawọ́.

Ní báyìí àwọn ọmọbìnrin kan ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ní ìlú wa. Wọ́n ń gba oda lórí WhatsApp fún ìdájí ọjọ́ ìgbéyàwó, fún àwọn ará Èkó tó ń gba ibodè Igolo wọlé wá sìnkú, wọ́n ń to ó sínú páálí ńlá, oní-zém, ìyẹn ọlọ́kadà tiwa, á gbé e lọ. Inú mi dùn sí wọn gan-an, mo sì máa ń ra tiwọn. Àwọn kan nínú wọn ti ń dá àkàrà padà sáàárín, èyí tó gbọ́n jù nínú wọn kì í fi àkàrà ránṣẹ́ rárá, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n ti pò ló ń kó sínú ike fún yín, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata tí wọ́n ti rẹ́ sílẹ̀, kí ẹ dín in fúnra yín nígbà tí àlejò bá ń mu omi.