Ṣé títan fọ́kílíìfù padà ló ń jẹ epo jù?

Ẹni tó bá ti bá wọn kó kajú sí sítọ̀ ní Kàbà, tàbí tó ti dúró de ẹrù sìmẹ́ńtì lọ́nà Obajana, á ti rí i. Awakọ̀ fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń fi irin iwájú rẹ̀ gbé ẹrù, sọ̀kalẹ̀ kó lè buwọ́ lùwé, ó wá bá akọ̀wé sítọ̀ tàkúrọ̀sọ. Gbogbo ìgbà náà, ẹ́ńjìnì ń dún. Ẹ ní kó pa á, á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀. Títan án padà ló ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì jù."

Irọ́ ni. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Argonne ní Amẹ́ríkà ti wọ̀n ọ́n lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́: bí ọkọ̀ bá dúró lásán ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, epo tó jẹ ti ju ti títan padà lọ.

Mi ò bú awakọ̀ o. Bátìrì ló ń bà á lẹ́rù, dísẹ́ẹ̀lì ló ń fi bojú. Fọ́kílíìfù tó ń gbé tọ́ọ̀nù 3 fúnra rẹ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù 4 lọ. Bí sítátà bá kọ̀, ta ni yóò tì í? Ọ̀gá tó ń ṣahun bátìrì tuntun kò mọ̀ pé ilé epo lòun ń san owó náà fún.

Ẹ jẹ́ ká fojú bù ú: lítà kan ní wákàtí kan tó bá dúró lásán, wákàtí 2 lóòjọ́, ọjọ́ 25 lóṣù. Lítà 50 nìyẹn, tí kò gbé àpò kan ṣoṣo. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ń tú nǹkan bíi kílò 2.68 káábọ́nù dáyọ́ksáìdì, gáàsì tó ń mú ayé gbóná, jáde, bẹ́ẹ̀ epo ọ̀hún kò wúwo tó kílò kan. Káábọ́nù inú rẹ̀ ló ń so mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń jó, ìyẹn ló sọ ọ́ di púpọ̀. Tòṣù kan á tó kílò 134. Mítà wákàtí, èyí tó ń ka iye wákàtí tí ẹ́ńjìnì fi ń dún, kò mọ̀ pé a ò ṣiṣẹ́, ó ń kà lọ ni. Bó bá jẹ́ wákàtí 250 lẹ fi ń ṣe sáfíìsì, oṣù márùn-ún péré ti jẹ odindi sáfíìsì kan lórí ìdúró lásán.

Èyí tó burú jù ni ti òjò, tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn sítọ̀. Èéfín dísẹ́ẹ̀lì wà lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí okùnfà jẹjẹrẹ láti 2012. Èéfín fọ́kílíìfù onígáàsì kò dúdú, àmọ́ káábọ́nù mónọ́ksáìdì inú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani. Oníbátìrì ní tirẹ̀ kì í jẹ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ bó bá dúró. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fi ń ṣáàjì rẹ̀, ẹ̀yìn ògiri lẹ kàn gbé èéfín lọ.

Ibì kan wà tí awakọ̀ jàre. Bí ẹ́ńjìnì bá ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹrù wúwo, kó fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tutù kó tó pa á. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe títí tí ọ̀rọ̀ òun àti akọ̀wé á fi tán.