Bí ẹ̀kọ́ ìwádìí òṣèlú ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ibi tó ti kan Òṣogbo

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè wọ Ọjà Ọba l'Óṣogbo, ìyá ẹlẹ́wà kan ló kọ́ mi ní ohun tí tíṣà wa kò tíì kọ́ wa dé. Mo ń béèrè ohun táwọn èèyàn rò nípa ìbò. Màmá wo ìwé ọwọ́ mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwa tá a wà létí títì yìí nìkan lo bi. Àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ńkọ́?" Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tí oníbàárà kan dé. Kò tiẹ̀ wo ẹ̀wà tó wà lójú àpò. Ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó bu ti ìsàlẹ̀ jáde, ó tú u sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wá kòkòrò.

Ohun tí oníbàárà yẹn ṣe ni ìwé ìròyìn Literary Digest kò ṣe l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1936. Wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn pé ta ni wọ́n máa dìbò fún nínú ìbò ààrẹ, Landon ni àbí Roosevelt. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 tó padà. Wọ́n kà á, wọ́n ní Landon ló ń wọlé. Ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ni Roosevelt gbà! Ibo ni wọ́n ti rí orúkọ àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí? Inú ìwé tẹlifóònù àti ìwé àwọn tó ní mọ́tò ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti wá. Nígbà tí ọ̀dá owó dá gbogbo ìlú, ta ló ní mọ́tò? Ojú àpò ni wọ́n wò. George Gallup, tí òun náà ń ṣèwádìí èrò aráàlú, tí iye èèyàn tó bi kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ló sọ ọ́ tó rí bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Literary Digest fi kógbá wọlé.

Irú ìtìjú báyìí ló ń fi hàn pé ó yẹ kéèyàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí òṣèlú. Ní ti àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè, Aberystwyth ní Wales ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ oyè rẹ̀ lọ́dún 1919, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìtàn, òfin àti ìwé àdéhùn ni wọ́n ń kà nígbà náà. Lewis Fry Richardson, onímọ̀ ojú ọjọ́ tó fi mọ́tò gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun yẹn, ló wá ń ka ogun bí ẹní ń ka òjò: mélòó ló jà, èèyàn mélòó ló kú. Lọ́dún 1963, J. David Singer bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yẹn ní Yunifásítì Michigan, ó ń ka ogun láti 1816 bọ̀.

Michigan yìí kan náà ni àwọn yunifásítì ti para pọ̀ lọ́dún 1962 láti máa pín ohun tí wọ́n bá rí nínú ìwádìí lò. Kò pẹ́ tó fi hàn pé kí èèyàn ní ìwádìí nílé kò ní kó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Lọ́dún 1963, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi sílẹ̀ fún un. Yunifásítì Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1968.

Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Kí àwọn yunifásítì yẹn tó para pọ̀ ní Michigan rárá, William Schwab, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ nípa àṣà àti ìgbé ayé àwọn èèyàn, ti wá ṣèwádìí lórí ìdílé ní Òṣogbo níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Abúlé làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sábà máa ń gbé, níbi téèyàn ti lè mọ gbogbo ojúlé. Ìkànìyàn 1952 sọ pé àwọn ará Òṣogbo lé ní 120,000. Ọ̀rọ̀ ti di ìṣirò nìyẹn. Lọ́dún 1954, ó kọ àpilẹ̀kọ jáde nínú Human Organization, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, lórí ọgbọ́n ìwádìí ní irú ìlú báyìí. Ẹ bi baálé agboolé kan pé èèyàn mélòó ló wà nílé, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ kékeré kọ́. Ṣé àwọn tó sùn ńbẹ̀ lánàá ni, àbí àwọn ọmọ agboolé tó wà l'Ékòó tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣọdún? Mo ti béèrè é rí. Bàbá ní, "Èwo lo fẹ́ kí n sọ?"

Ìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni mo fi ń ṣàlàyé fáwọn àbúrò mi. Nínú ìbò tó lé ní 500,000 tí ẹni kìíní àti ìkejì jọ gbà, 353 péré ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, tí wọ́n fi tún ìbò dì ní ibùdó méje, ọ̀kan nínú wọn ní Òṣogbo. Tó o bá bi 1,000 èèyàn, kódà kó o ṣà wọ́n bó ṣe yẹ, àṣìṣe nǹkan bíi 3 nínú 100 ṣì wà nídìí ẹ̀. Ìyàtọ̀ 353 yìí kò tó ẹyọ kan nínú 1,000. Ẹni tó bá ní ìwádìí òun ti mọ ẹni tó máa wọlé lọ́jọ́ yẹn, ẹ bá mi bi í pé inú àpò wo ló kiwọ́ bọ̀.

Mo padà sí Ọjà Ọba lọ́sẹ̀ kejì, mo wọ ẹ̀yìn lọ́hùn-ún lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá níbẹ̀ ní òun kò ní káàdì ìdìbò. Kò sí àyè ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù mi. Etí ìwé ni mo kọ ọ́ sí.