Yèsí Ló Gbé Big Bird?

Màmá wa àgbà ní Ìkọ́lé kò fìgbà kan gbà pé ẹ̀rọ ló ń mú Big Bird rìn, ẹyẹ ràbàtà inú Sesame Street, eré ọmọdé orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. "Yèsí ló gbé e?" ni wọ́n máa ń bi wá, bí ẹni ń béèrè ẹni tó wà lábẹ́ Ẹ̀pà, ère igi ńlá tí wọ́n ń gbé sórí jó ní Èkìtì. Caroll Spinney ni, láti ọdún 1969.

Ẹni tó gbé Ẹ̀pà a ṣì máa yọjú láti ẹnu ìkòkò tó dé sórí, kó lè mọ òkìtì tó fẹ́ fò sí. Spinney kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ínǹṣì 2. Jim Henson, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ọmọlangidi eré náà, ló ya á sórí ìwé, Kermit Love ló kọ́ ọ. Spinney á na ọwọ́ ọ̀tún sókè tààrà sínú ọrùn ẹyẹ. Ọwọ́ yẹn ló ń la ẹnu rẹ̀, ìka tó kéré jù ló ń darí ojú. Ọwọ́ òsì wà nínú apá òsì. Apá ọ̀tún wá ńkọ́? Okùn ìpẹja ni wọ́n so mọ́ ọn, ó gba abẹ́ ọrùn wá sí ọwọ́ òsì: bí òsì bá wálẹ̀, ọ̀tún á gòkè. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí wọ́n dè mọ́ ọn láyà ló fi ń ríran, ohun tí kámẹ́rà bá rí ló ń rí.

Waltham ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí Spinney ní 1933. Kékeré ló ti ra ọmọlangidi ọ̀bọ kan ní sẹ́ńtì 5. Ìyá rẹ̀ sì ṣe àwọn mìíràn fún un. Ní 1969 ó gbé eré lọ sí àpéjọ àwọn oníṣẹ́ ọmọlangidi ní Salt Lake City. Ìmọ́lẹ̀ iná orí ìtàgé bo àwòrán tó ń hàn lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, eré dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Henson wà níjokòó. Ó wá bá a lẹ́yìn eré pé òun fẹ́ràn ohun tó ń gbìyànjú láti ṣe. Bó ṣe ríṣẹ́ nìyẹn.

Sesame Street bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Ará oko tó gọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí Big Bird jẹ́. Spinney ló ní kí òun máa ṣe é bí ọmọdé. Lójú tèmi, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n dá Big Bird. Ẹ̀rín nìkan la lè fi ọ̀dẹ̀ rín. Ọmọ ọdún 6 lè béèrè ohun tí àgbà ń sá fún. Will Lee, tó ń ṣe Mr. Hooper onísọ́ọ̀bù, kú ní 1982. Wọn ò purọ́ pé ó rìnrìn àjò, bí a ti máa ń sọ fún ọmọ níbí. Ní 1983, Big Bird pín àwòrán fún àwọn àgbà (Spinney fúnra rẹ̀ ló yà wọ́n), ó wá ku ti Mr. Hooper. Wọ́n rán an létí pé ó ti kú. Ó ní kò burú, òun á fún un tó bá padà dé. Wọ́n ní ẹni tó kú kì í padà. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí èsì kan fún un ju pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Spinney náà ló ń ṣe Oscar, oníkanra inú garawa ìdọ̀tí. Ohùn awakọ̀ takisí kan ní New York ló fi sí i lẹ́nu. (Takisí ò tán nínú ọ̀rọ̀ yìí: nígbà tí Nàìjíríà ní Sesame Square tirẹ̀, awakọ̀ takisí ni Zobi, ọmọlangidi inú rẹ̀.)

Ní 2015, ìdúró ti ń nira fún un, ó bọ́ aṣọ ẹyẹ náà fún Matt Vogel, tó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Ohùn ló ń bá a ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2018. Ó kú ní oṣù Kejìlá 2019, ẹni ọdún 85.