Ewúro Alhaja àti òfin ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù

Lẹ́tà tí Alhaja gbé síwájú mi kò ju ojú ìwé kan lọ. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ẹsítéètì wọn, níbí ní Ìlọrin, ló kọ ọ́. Wọ́n ní kí ó hú ewúro, tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo iwájú ilé rẹ̀ kí ọjọ́ 14 tó pé, kí ó gbin kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì àti fúláwà bíi ti àwọn yòókù, kí ó sì san ìtanràn ₦50,000. Bí kò bá ṣe é, tánkà tó ń gbé omi wá fún un kò ní gba géètì wọlé mọ́.

"Bárísítà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ṣé fúláwà ni kí n máa fi se ọbẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ n ò tíì dá a lóhùn. Mo ní kí ó kọ́kọ́ lọ mú ìwé tó fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó ra ilẹ̀ wá. Ìbínú nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé wá bá lọ́yà, wọ́n á fi ìwé sílẹ̀ sínú àpótí nílé. Inú ìwé yẹn gan-an ni ẹjọ́ wọn wà.

Ẹgbẹ́ onílé kì í ṣe ìjọba. Àdéhùn ni gbogbo agbára tó ní. Bí wọ́n tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ CAMA, òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, ohun tí ìyẹn fún wọn ni pé wọ́n lè ní dúkìá, wọ́n lè pe èèyàn lẹ́jọ́, a sì lè pè wọ́n. Kò fi wọ́n jọba lórí ọgbà ẹnikẹ́ni. Abala 40 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fún oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ẹni tó wù ú kẹ́gbẹ́. Nítorí náà, ohun tí àwọn kan nawọ́ sí nípàdé ọjọ́ Àìkú, àwọn tó gbà láti wà nínú ẹgbẹ́ ló dè. Alhaja ò forúkọ sílẹ̀ rí.

Ẹ má tíì yọ̀ o. Àdéhùn kan wà tó máa ń bá ilẹ̀ rìn. Iléeṣẹ́ tó la ẹsítéètì, tó gé e ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì, lè ti kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe níbẹ̀ sínú ìwé títà. Ẹni tó bá wá ra ilẹ̀ náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, tó sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó de òun náà. Ọ̀rọ̀ ọgbà ló bí òfin yìí gan-an. Lọ́dún 1808, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tulk ta ọgbà Leicester Square ní London, ó sì gba àdéhùn pé wọn ò ní kọ́lé sí i. Nígbà tí ilẹ̀ dọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Moxhay, ó fẹ́ kọ́lé, ó ní òun kọ́ lòún ṣàdéhùn. Ilé ẹjọ́ ní ó mọ̀ nípa rẹ̀ kó tó rà á, wọ́n sì dá a dúró lọ́dún 1848. Àwọn adájọ́ tiwa náà ń lo òfin yẹn títí dòní.

Ibi tí àwọn alága ẹgbẹ́ kì í fiyè sí ni pé "má ṣe" ló ń bá ilẹ̀ rìn. "Máa ṣe" kì í sábà bá a rìn. "Má gbin àgbàdo síwájú ilé" lè tẹ̀ lé ilẹ̀ dé ọwọ́ ẹnì kẹta. "Gbin kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì, máa gé e lóṣooṣù" kì í sábà kọjá ẹni tó fọwọ́ sí i.

Ìwé Alhaja dé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ ṣòwò, kò sì gbọdọ̀ sin ẹran. Kò sí ewúro níbẹ̀, kò sí àgbàdo. Mo bá ní kí a lọ wo ilé náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Ewúro àti tẹ̀tẹ̀ wà nínú fẹ́ǹsì, àmọ́ àgbàdo ti kọjá síta, ó gba gbogbo àárín fẹ́ǹsì àti gọ́tà. Òkúta ààlà inú ìwé sọ̀fíọ̀ sì parí sí ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì. Ilẹ̀ ìta yẹn kì í ṣe ti Alhaja, kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Ti ojú ọ̀nà ni. Ebè tó kọ ti ń ya sínú gọ́tà, ọlọ́kadà tó bá sì ń ya kọ́nà yẹn kò ní rí ẹni tó ń bọ̀. Òjò oṣù kẹfà kan péré ni omi yóò fi wọ ilé aládùúgbò, ẹni yẹn sì lè pè é lẹ́jọ́ láìjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kankan. Mo sọ ọ́ fún un lójúkojú. Kò dùn mọ́ ọn.

Ti tánkà omi ńkọ́? Ẹgbẹ́ ló jẹ̀bi níbẹ̀ pátápátá. Ká tiẹ̀ ní Alhaja tàpá sí àdéhùn, ilé ẹjọ́ ni wọ́n máa lọ, kì í ṣe kí wọ́n ti géètì mọ́ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí wọ́n bá rán àwọn ọmọkùnrin aládàá wọ inú ọgbà, wíwọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ nìyẹn. Ti ẹ̀ka igi yàtọ̀, òfin gbà kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gé e: bí ẹ̀ka mángòrò ẹlòmíràn bá yọ sọ́dọ̀ yín, ẹ lè dúró nínú ọgbà tiyín kí ẹ gé èyí tó kọjá ààlà. Ẹ má fò wọlé onílé, ẹ má sì kó èso rẹ̀ jẹ; ti onígi ni.

Mángòrò ẹ̀yìnkùlé Alhaja náà wà nínú lẹ́tà, wọ́n ní ewé rẹ̀ ń dọ̀tí àdúgbò. Lábẹ́ òfin lílo ilẹ̀ (Land Use Act) ti ọdún 1978, igi tó máa ń pẹ́ láyé wà lára ohun tí a kà sí àtúnṣe ilẹ̀, bí ilé àti kànga, ẹni tó ni C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ló sì ni ín. Mo ní kí ó máa gbá ewé rẹ̀ ṣá.

A kọ lẹ́tà padà: àgbàdo ìta yóò kúrò bí a bá ti kórè, gọ́tà yóò di kíkó lọ́sẹ̀ yìí, ewúro ò ní kúrò, tánkà yóò sì máa wọlé. Ẹgbẹ́ kò mẹ́nu ba ìtanràn mọ́. Àmọ́ Alhaja ti fi ìbínú kọ̀ láti san owó ọdẹ oṣù mẹ́ta, èmi ò sì lè gbèjà ìyẹn, nítorí ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò ń ṣọ́ ilé tirẹ̀ náà lóru. Mo ní kí ó lọ san án. Ó san án, ó sì gba rìsíìtì.