Fíúsì tó ń jó kò ní kí ẹ fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi iná fọ́ọ̀gì sí mọ́tò fúnra rẹ̀ ló gbà pé bí fíúsì bá ń jó, ó kéré ni. Wọ́n á yọ ti ámpì 15 (ámpì ni ìwọ̀n kọ́rẹ́ǹtì), wọ́n á ki ti 30 bọ ibẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wé bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ ọn, àwọn rìwáyà kan náà sì ń ṣe é. Iná á tàn, ọkàn onímọ́tò á balẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti bẹ̀rẹ̀, torí wáyà ni fíúsì ń ṣọ́, kì í ṣe gúlóòbù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Gúlóòbù fọ́ọ̀gì halogen sábà máa ń jẹ́ wọ́ọ̀tì 55. Méjì jẹ́ 110. Ẹ fi 12, fóltì bátìrì, pín in, ó lé díẹ̀ ní ámpì 9. Fíúsì 15, aláwọ̀ búlúù, tó o dáadáa. LED wọ́ọ̀tì 18 méjì ò ju ámpì 3 lọ, fíúsì 5 ti tó ìyẹn.

Fíúsì kì í sì í jó lójú ẹsẹ̀ tí kọ́rẹ́ǹtì bá kọjá nọ́ńbà ara rẹ̀. Ámpì 20 lè gba inú fíúsì 15 fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ti 30 wá ńkọ́? Ámpì 25 á máa gba inú rẹ̀ kọjá láìjó, nígbà tí wáyà tín-ín-rín tó yẹ kó gbé 10 ti ń gbóná, tí róbà ara rẹ̀ ń yọ́ mọ́ àwọn wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Láti orí pọ́sítíìfù bátìrì, fíúsì ni kó kọ́kọ́ wà, kó má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, torí wáyà tó ṣáájú fíúsì kò ní aláàbò kankan. Lẹ́yìn fíúsì ni rìlé, súìṣì tí kọ́rẹ́ǹtì kékeré fi ń tan èyí tó pọ̀; nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni 30, 85, 86 àti 87, kì í ṣe ámpì. Láti fíúsì sí ẹsẹ̀ 30 rìlé, àti láti ẹsẹ̀ 87 sí iná, ẹ lo wáyà 2.5 mm². Ẹsẹ̀ 86 ń gba kọ́rẹ́ǹtì súìṣì, 85 ń lọ sí irin ara mọ́tò. Wáyà 0.75 tó fún méjèèjì. Ẹ mú kọ́rẹ́ǹtì súìṣì níbi tó ń wà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ON nìkan, kí ẹ fi fíúsì 3 sí i. Wáyà tí wọ́n fi róbà yẹ́lò bò lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ti airbag ni, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Ẹ fi bíléèdì ha wáyà tí ẹ rà lọ́jà. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ẹ ra èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀.

Bí fíúsì 15 bá wá jó, ẹ má tíì fi òmíràn sí i. Ẹ wá gúlóòbù bíréèkì wọ́ọ̀tì 21, ẹ so wáyà méjì mọ́ ọn, kí ẹ ki ẹnu wọn bọ ojú ibi tí fíúsì ń wọ̀. Ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná fọ́ọ̀gì méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ tẹ súìṣì. Bí gúlóòbù yẹn bá tàn yòò, wáyà ti kan irin níbì kan. Kò ní jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì tó ń kọjá tó ámpì 2, nítorí náà ẹ lè fara balẹ̀ wá a láìsí pé nǹkan ń jó. Ẹ máa mi wáyà díẹ̀díẹ̀ láti ìdí rìlé lọ síwájú. Ibi tí ẹ bá fọwọ́ kàn tí gúlóòbù ń kú tó tún ń tàn, ibẹ̀ ni: ẹ̀gbẹ́ irin radiator ni, tàbí abẹ́ bọ́ńpà níbi tí nọ́ọ̀tì ti tẹ wáyà mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ fíúsì 3 ti súìṣì ló ń jó, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ihò irin tí wáyà gbà wọ inú mọ́tò, bóyá róbà ò sí níbẹ̀.

Bí kò bá tàn, ẹ yẹ iná fọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ wò. Omi lè ti wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí kó jẹ́ gúlóòbù wọ́ọ̀tì 100 ni wọ́n tà fún yín. Méjì irú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ámpì 17, ẹ dá wọn padà, ẹ gba 55.

Mọ́tò tí fíúsì 30 ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tú téèpù ara wáyà rẹ̀ kúrò látòkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí róbà bá ti gan tàbí tó ti lẹ̀ mọ́ ti wáyà mìíràn, ẹ gé e, ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ tó dá 15 padà.