Bí ọmọ ológbò ṣe ń mojú èèyàn

Wọn kì í bí ìfẹ́ èèyàn mọ́ ológbò, ńṣe ló ń kọ́ ọ, àsìkò tó sì fi ń kọ́ ọ ò pẹ́ rárá. Ojú ọmọ ológbò sábà máa ń là láàárín ọjọ́ 7 sí 14, etí náà á ṣí, àtìgbà tó bá ti pé bí ọ̀sẹ̀ 2 títí dé ọ̀sẹ̀ 7 ló fi ń mọ ohun tó jẹ́ tilé àtohun tó yẹ kó sá fún, ohunkóhun tó bá sì bá pàdé láìsí ewu lásìkò yẹn, ì báà jẹ́ èèyàn, ajá tàbí ariwo jẹnẹrétọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ bà á lẹ́rù mọ́ tó bá dàgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe o, àmọ́ ohun tí ì bá gba ọjọ́ díẹ̀ lè wá gba oṣù.

Ní àwọn ọdún 1980, olùwádìí kan, Eileen Karsh, ní Yunifásítì Temple l'Amẹ́ríkà dán èyí wò: àwọn ọmọ ológbò kan wà tí èèyàn ń gbé lọ́wọ́ lójoojúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ 3, tàwọn míì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 7, wọn ò gbé àwọn tó kù rárá. Àwọn tọ̀sẹ̀ 3 ló yára wá bá èèyàn jù, àwọn náà ló pẹ́ jù lórí itan. Ìwà bàbá náà wà ńbẹ̀ ṣá, ọmọ tí bàbá ẹ̀ láyà sábà máa ń láyà, kódà tí ò bá fojú kan bàbá ọ̀hún rí.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa rèé. Torí eku lọ̀pọ̀ ṣe ń wá ológbò, ìyá á wá bímọ sẹ́yìn àpò ìrẹsì nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan àwọn ọmọ, ìgbà tí wọ́n bá ti ń sáré kiri ni wọ́n á tó mú wọn fáwọn èèyàn, ẹni tó gbà á á fokùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó má baà sá lọ, tó bá wá ha ọmọdé lọ́wọ́, wọ́n á ní ológbò burúkú ni. Ṣebí okùn yẹn gan-an ló kọ́ ọ. Ẹranko tí ò ríbi sá sí, ìjà ló kù fún un.

Kó mọ̀ pé òun lè kúrò nígbà tó bá wu òun, ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà. Yàrá kékeré ló dáa kó kọ́kọ́ wà, pẹ̀lú páálí tó lè wọ̀ lọ. Kí èèyàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí ẹni tó bá dúró ga jù lójú ẹ̀, kó gbé ẹja Titus bíbọ̀ sítòsí, láìsí egungun, iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà (mílíìkì màlúù kọ́ o, ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń fà). Tó bá ti ń jẹun nítòsí èèyàn láìwẹ̀yìn, ìka kan ṣoṣo lẹ máa kọ́kọ́ nà sí i, kó gbóòrùn ẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi ra á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ má ti òkè kan orí ẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa á lára fún ìṣẹ́jú àáyá bíi 3, kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró: tó bá forí ti ọwọ́ yín, ó ń bèèrè sí i, tó bá ń ju ìrù tàbí tó tẹ etí sẹ́yìn, ó tó nìyẹn.

Tó bá dùn mọ́ ọn, á nàró ìrù, á máa kùn lọ́fun, á máa fọwọ́ iwájú po aṣọ yín bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, ohun tó ń ṣe sọ́yàn ìyá ẹ̀ nìyẹn nígbà tó ń mu ọmú. Tó bá dùbúlẹ̀ yọ ikùn síta, kò túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án ńbẹ̀, ibi tó tètè máa ń jà sí jù nìyẹn. Ẹ sì lè máa dijú fún un díẹ̀díẹ̀: àwọn oníwádìí ní Yunifásítì Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn lọ́dún 2020 pé ológbò máa ń dijú padà, ó sì máa ń fẹ́ sún mọ́ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ kì í ṣe nǹkan ìṣeré. Ìyẹ́ adìẹ tẹ́ ẹ so mọ́ okùn ni kẹ́ ẹ fi bá a ṣeré, torí èyí tó ń gé ìka jẹ ní ọ̀sẹ̀ 6 tí gbogbo ilé ń fi rẹ́rìn-ín á ṣì máa gé e tó bá dàgbà, eyín ẹ̀ ò sì ní kéré mọ́. Ẹ má sì já a gbà lọ́wọ́ ìyá kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8, ara ìyá àtàwọn ọmọ ìyá ẹ̀ ló ti ń kọ́ bí eyín ṣe ń dunni tó. Èyí tó bá sì ti mojú èèyàn tẹ́lẹ̀ tó wá ṣàdédé ń sá fún ọwọ́, lọ́pọ̀ ìgbà nǹkan kan ló ń dùn ún, dókítà ẹranko ló yẹ kó rí i.